Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dé Ẹsẹ̀: Bí Ẹ́ksíréè Ṣe Ń Wọn Ìyára Rẹ̀



Ojoojúmọ́ ni a ń fọ ẹsẹ̀ wa dé kókósẹ̀ nínú àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Egbò tí kò jinná, ẹsẹ̀ kan tí ó tutù ju èkejì lọ, ìka tí ó ń dúdú, tàbí ẹsẹ̀ tí ó ń dunni bí a bá rìn, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí a bá dúró, lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ tó. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá mímu wà lára ohun tí ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á sí iṣẹ́ ọ̀tá, tí ó jókòó sílé, lè pàdánù ẹsẹ̀ náà.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo iṣan ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bí iṣan bá yẹ ní ṣíṣí, dókítà yóò pa ojú ibẹ̀ kú, yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba itan tàbí ọwọ́ wọ inú iṣan, yóò sì fún oògùn tí ó ní ayodíìnì sí i. Oògùn yìí ni ẹ́ksíréè ń rí. Ẹ̀rọ náà ń ya àwòrán léraléra. Bí oògùn bá rin sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyára rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ti fi bàlúù kékeré fẹ iṣan náà, wọn a tún un wọ̀n, wọn a sì fi ti ìṣáájú wé ti ìkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ìyára nìkan kò tó. Bí a bá fi ìka dí ẹnu rọ́bà omi, omi a yára tú jáde, síbẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní tètè kún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré gba ibi tí iṣan ti fún, tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì ń dé iwájú. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń wo àwòrán gbogbo iṣan náà.

Ní 1927 ni Egas Moniz kọ́kọ́ fi ẹ́ksíréè ya iṣan ọpọlọ ènìyàn ní Lisbon. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọ̀rúndún 7 ṣáájú ni Ibn al-Nafis, onímọ̀ Mùsùlùmí, ti ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá lóyún, bí kíndìnrín yín kò bá dára, bí ẹ bá ń lo metformin, tàbí bí irú oògùn yìí bá ti yọ yín lẹ́nu rí. Bí títú itan sílẹ̀ bá ń kọ yín lóminú, ẹ béèrè bóyá ọwọ́ ṣeé gbà. Làlúrì sì fi àyè gba ìtọ́jú. Bí ó bá bọ́ sí àsìkò Ramadan, aláìsàn lè sán ààwẹ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ UNIMED wà ní ìlú Oǹdó. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ìka bá dúdú tán.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.