ÌLÀNÀ ÌKỌ̀WÉ NÍNÚ ERÉ ÀGBÉWỌ̀ ÌJÀKADÌ: ÌJÀ ÀRÒSỌ, ÌDÍJE ÒTÍTỌ́

Ìfáàrà

A mọ bí a ti ń ṣe àtúpalẹ̀ ìtàn àròsọ tí ẹnì kan ṣoṣo kọ. Òun ni ó dá àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, òun ni ó mọ ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò jọba, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a du àṣẹ yìí. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí èyí. Ìtàn kan ni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ ń kọ, tí olúkúlùkù wọn ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, tí wọ́n sì ń figagbága láti mọ ẹni tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ yóò borí. Àwọn olólùfẹ́ ìjàkadì orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ìwé kíkọ ṣe eré yìí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe é láàárín ọdún 1980 sí 1989. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dé ọwọ́ àwọn ará ìlú ní ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kó eré náà lọ síbẹ̀. A ó máa pè é ní eré àgbéwọ̀, nítorí pé ńṣe ni òǹkọ̀wé ń gbé ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ wọ̀ bí ẹní gbé ẹ̀wù wọ̀, tí yóò sì máa ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwùjọ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe eré yìí ni ó ní ìlànà ìkọ̀wé tirẹ̀. Bí a bá kà wọ́n gààràgà, òfin ilé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò jọ lójú wa: má ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún. Ní èrò tiwa, ìdí kan ṣoṣo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti sú yọ. Ìjà náà jẹ́ àròsọ, ṣùgbọ́n ìdíje tí ó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

1. Ìjàkadì orí ìtàgé àti èyí tí a fi ìwé jà

Ìjàkadì orí ìtàgé kì í ṣe gídígbò tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ń jà ní ojúde. Àwọn olùṣètò ti pinnu ẹni tí yóò dá ẹnì kejì kí àwọn oníjàkadì tó jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pa ìpinnu yìí mọ́ lábẹ́ àṣà tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní kayfabe, débi pé àwọn méjì tí ó jẹ́ ọ̀tá lójú agbo kò gbọdọ̀ jókòó jẹun pọ̀ ní gbangba. Ní ọdún 1989, àwọn aṣojú World Wrestling Federation fúnra wọn ni wọ́n sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré amóríyá ni iṣẹ́ àwọn, kì í ṣe ìdíje àwọn eléré ìdárayá, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba yàn láti máa ṣàkóso irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Roland Barthes ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wọn. Nínú ìwé rẹ̀, Mythologies (1957), ó ní ìran wíwò ni ìjàkadì, àti pé kò kan òǹwòran bóyá wọ́n ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí wọn kò ṣètò rẹ̀.

Nígbà tí ìjàkadì yìí bọ́ sínú ìwé, ńṣe ni nǹkan dorí kodò. Lórí ìtàgé, ara ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, òógùn ń jáde, egungun a sì máa ṣẹ́, ṣùgbọ́n a ti mọ ìparí. Nínú ìwé, kò sí ara kankan tí ń ṣe làálàá, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mọ ìparí. Òǹkọ̀wé méjì tí a bá fi ojú wọn kora ni yóò kọ ọ̀rọ̀ ìpèníjà kí gbèdéke ọjọ́ tó pé. Àwọn olùdájọ́ yóò kà á, wọn yóò yan ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé jù, ẹlòmíràn yóò sì wá kọ ìjà náà gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ti rí. Nínú Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974, dáìsì ni ó ń sọ bóyá idà ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Níhìn-ín, ìwé tí a kọ gan-an ni dáìsì. Lóòótọ́, àwọn àwùjọ kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò borí, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàn fún wọn. A kò ní í bá wọn dé ibẹ̀.

2. Ara ẹlòmíràn

Òfin tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ darí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn. Èdè Yorùbá lè là á yé wa ju èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ òfin náà lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì yìí:

(i) Mo tì í.
(ii) Mo tì í ṣubú.

Nínú (i), èmi ni mo ni ìṣe tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí mo tì lè ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó lè fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì lè gbá mi mú. Nínú (ii), ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ ni a lò, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì kì í sì í ṣe tèmi mọ́. Èmi ni mo tì, òun ni ó ṣubú. Ohun tí òfin náà ń sọ kò ju pé kí olúkúlùkù dúró sí orí ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ (ii) ti jí ìṣe ẹlòmíràn kọ, ó sì ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Àwọn kan ka òfin yìí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀wàáhù lásán. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni ó sọ irú ìkọ̀wé yìí di ohun tí ó dá dúró láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí n kò bá lè fọwọ́ kan ara ọ̀tá mi, kí ni ó kù tí mo lè fọwọ́ kàn? Ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìtàn rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ àti ohun tí ó ti ṣe lójú gbogbo ayé. Ní June 23, 1996, ní ìlú Milwaukee, Steve Austin dá Jake Roberts, ẹni tí ó ti padà wá gẹ́gẹ́ bí àtúnbí tí ń tọ́ka sí Bíbélì. Lẹ́yìn ìjà náà, Austin mú Jòhánù 3:16 kúrò lẹ́nu Roberts, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ rọ́pò ti Jòhánù. Kò sọ pé Roberts ń sunkún, kò sì sọ pé ẹ̀rù ń bà á. Ohun tí ọ̀tá gbójú lé ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, gbólóhùn náà sì wà lára ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa tí a ti ka iṣẹ́ Babalọlá lórí ìjálá (1966) kò ní í ṣàì rántí bí àwọn oníjàálá ṣe ń fi ìjálá kan náà tako ara wọn níbi àríyá ọdẹ.

Òfin kejì fara jọ èyí. Ẹ̀dá-ìtàn kò gbọdọ̀ mọ ohun tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkọ̀wé rẹ̀ ti kà á.

3. Ìfìwàwẹ̀dá

Ìlànà a máa béèrè pé kí òǹkọ̀wé kọ gíga ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀, ìlú rẹ̀, orin tí yóò máa bá a jáde, àti ọgbọ́n ìparí tí ó fi ń dá ènìyàn. Èyí kò nira. Ohun tí ó nira ni pé kí ó ní ibi tí ó kù sí. Ẹni tí ọfà kò ràn, tí iná kò jó, kò wúlò nínú ìdíje, nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá a sọ.

Bákan náà, wọ́n ní kí ìyípadà ìwà ní ìdí. Láti 1984 ni Hulk Hogan ti jẹ́ akọni àwọn ọmọdé. Ní July 7, 1996, ní Daytona Beach, ó kọlu Randy Savage, ó sì dara pọ̀ mọ́ Scott Hall àti Kevin Nash. Àwọn òǹwòran da pàǹtírí bo ojú agbo. Ìyípadà náà múlẹ̀ nítorí pé Hogan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn òǹwòran tí ó ti ń ṣojú fún láti ọdún yìí wá. Òǹkọ̀wé tí ó bá fi òru kan ṣoṣo sọ ẹni-ire di ẹni-ibi, tí kò sì sọ̀rọ̀ àná, kò tíì yí ìwà padà. Ẹlòmíràn ni ó dá.

4. Ìdájọ́

Ibí yìí ni ìṣòro pọ̀ sí. Níbi tí kò bá sí gbèdéke fún iye ọ̀rọ̀, ẹni tí àyè gbà jù ni yóò máa borí, ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ yóò sì máa ṣubú. Olùdájọ́ tí ó ti rẹ̀ lè ka gígùn sí ìjìnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Dusty Rhodes sọ sí Ric Flair ní 1985 kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Flair ń fi aṣọ olówó iyebíye yangàn; Rhodes dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ àti ti mọ́tò tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti ti ọkùnrin tí kọ̀ǹpútà gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn 30 ọdún. Kò bu Flair kù. Ńṣe ni ó sọ ọ́ di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìyà ayé fi wà lára rẹ̀. Bí àwa bá jẹ́ olùdájọ́, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè nìyí: lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ṣé mo fẹ́ rí ìjà náà? Ẹni tí ó ní kòkòrò lásán ni ọ̀tá òun ti sọ fún wa pé kò sí ohun tí a fẹ́ wò.

Ẹ̀wẹ̀, nínú àwọn àwùjọ kan, olùṣètò ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ tí ń jà fún bẹ́líìtì. Kò sí ìlànà ìkọ̀wé tí ó lè wo èyí sàn. Kí ẹlòmíràn bá a dá ẹjọ́ náà ni.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣubú. Nítorí pé òtítọ́ ni ìdíje náà, ó ń dun òǹkọ̀wé, àwọn mìíràn a sì fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú kan. Undertaker borí ní WrestleMania nígbà 21 kí Brock Lesnar tó dá a ní April 6, 2014, ní New Orleans, ìṣubú yẹn sì ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣẹ́gun náà lọ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí ìlànà bi ẹni tí ó ṣubú ní ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó sì kọ ọ́. Bí ó bá kọ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, òfin ara ẹlòmíràn ṣì ń dáàbò bo ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Wọn kò ní í kọ ọ́ pé ó kú tàbí pé ó sá. Wọn yóò kọ ọ́ pé wọ́n lu orin rẹ̀, wọ́n dúró dè é, kò sì jáde.