Wáyà kékeré lè já dúróònù lulẹ̀: Bí a ṣe ń fi iná sí rédíò ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 1935, ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa rédíò wọ ilé àwọn ará Èkó. Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ló ṣe iṣẹ́ náà. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé sínú ilé, ohùn BBC a sì máa ti inú rẹ̀ jáde. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá sọ rédíò, nítorí pé bó ti wù kí ènìyàn dá a lóhùn tó, kò gbọ́. Lónìí, rédíò mìíràn ti wọ Erékùṣù Èkó. Èyí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìní awakọ̀ nínú, ló ń bá sọ̀rọ̀, dúróònù náà sì ń fèsì.

Àwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò níbi ìgbéyàwó àti ayẹyẹ ti mọ dúróònù dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń to tiwọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe pápá gbalasa. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe àádọ́ta ọdún, tí Ẹ̀yọ̀ jáde ní ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, èrò kún Tafawa Balewa Square bí omi òkun. Níbi tí orí ènìyàn bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lókè kò gbọdọ̀ já bọ́. Kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ló ń já a bọ́. Iná tí kò tó àti wáyà tí kò dúró dáadáa nínú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ olùdarí lè fà á pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ ìdarí dúróònù ní rédíò tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn máa ń ra rédíò mìíràn tó lágbára jù ú lọ, wọn a sì kì í bọ ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Módúùlù ni wọ́n ń pè é. Bí olùdarí bá ti ọ̀pá síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìdarí á sọ ìṣípòpadà náà di nọ́ńbà, módúùlù á sì sọ nọ́ńbà náà di ìgbì tí dúróònù máa gbọ́.

Nínú irú ihò tó wọ́pọ̀ jù, abẹ́rẹ́ irin márùn-ún ló wà. Ọ̀kan ń gbé àṣẹ lọ, ọ̀kan ń gbé iná wá láti inú bátìrì, ọ̀kan sì jẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ojú nẹ́gétíìfù. Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ módúùlù kì í lò rárá. Ìkarùn-ún ló ń gbé èsì dúróònù padà. Nínú ọ̀pọ̀ módúùlù ìgbàlódé, òun nìkan ló ń gbé àṣẹ lọ tó sì ń gbé èsì bọ̀. Abẹ́rẹ́ àṣẹ kò lè gba agbára bátìrì. Bí wáyà iná bá ṣèèṣì kàn án, ó lè jó módúùlù àti ẹ̀rọ ìdarí pọ̀. Nítorí náà, a kì í méfò: ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni a ń kà, mítà ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n kí a tó so ó.

Ohun kejì ni fóòtì. Bátìrì lithium olójú méjì tí wọ́n kọ 7.4 sí lára máa ń jẹ́ 8.4 fóòtì nígbà tó bá kún. Olójú mẹ́ta tí wọ́n kọ 11.1 sí á di 12.6. Bí módúùlù kan kò bá gbọdọ̀ gbà ju fóòtì 12 lọ, ẹni tó wo àkọlé bátìrì nìkan ti ṣì í, nítorí pé bátìrì tó kún ti kọjá ààlà.

Iná tó kéré jù náà léwu. Ká ní módúùlù kan ń jẹ iná wáàtì márùn-ún. Bí ó bá ń gba fóòtì mẹ́wàá, ìlàjì áńpì ló máa fà. Bí ó bá jẹ́ fóòtì márùn-ún, áńpì kan gbáko ni. Bí áńpì bá ti ń pọ̀ ni iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà, pàápàá nínú wáyà tó tín-ín-rín, tó gùn, tàbí tí wọn kò fi lẹ́ẹ̀dì jó dáadáa. Iná á wálẹ̀ lójijì, módúùlù á kú, á sì tún jí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dúróònù kò ní olùdarí ní gbogbo àkókò náà.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fún módúùlù ní bátìrì tirẹ̀. Kò burú, bí wọ́n bá rántí ohun méjì. Èkíní, wáyà ilẹ̀ bátìrì náà gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ ìdarí, nítorí pé láti ilẹ̀ ni a ti ń wọn àṣẹ; bí ilẹ̀ méjèèjì bá yàtọ̀, àṣẹ kò ní yé módúùlù. Èkejì, ojú pọ́sítíìfù bátìrì méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó tan iná sí i, ẹ́ríà gbọ́dọ̀ wà lórí módúùlù. Agbára tí kò bá rí ọ̀nà jáde á padà sínú ẹ̀rọ, ó sì lè bà á jẹ́.

Ilé tó há mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti páànù orí wọn ń dínà ìgbì. Ilé gogoro bíi NECOM House ní Marina, tó ní àjà 32, lè bo dúróònù mọ́ olùdarí rẹ̀ lójú pátápátá. Ẹni tó bá wá ra módúùlù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tó ń lo ìgbì 902 sí 928 megahertz, kí ó mọ̀ pé ìgbì náà wọ inú èyí tí fóònù GSM ń lò ní Nàìjíríà. Yóò dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́, tirẹ̀ náà kò sì ní já geere.

Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2016, àjọ NCAA tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dúróònù láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òun àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò.

Lẹ́yìn gbogbo ètò, ìdánwò kan ṣì kù. Kí olùdarí yọ abẹ̀bẹ̀ dúróònù, kí ó gbé e sílẹ̀, kí ó tan án, kí ó sì pa ẹ̀rọ ìdarí lójijì. Ohun tí dúróònù bá ṣe nílẹ̀ lè fi ohun tó máa ṣe lókè hàn nígbà tí kò bá gbọ́ ohùn mọ́. Ilẹ̀ ló ti yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lórí èrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.