Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Sebastian Kneipp: Ìtọ́jú Ìmọ̀ àti Ìdánwò Ìmọ̀

Ìfáàrà

Ní ìlú Bad Wörishofen, ní ìpínlẹ̀ Bavaria ní gúúsù orílẹ̀-èdè Jámánì, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà nínú ilé àwọn sísítà Dominican. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ohun ìlò, ìwé àti àwòrán Sebastian Kneipp (1821–1897) pa mọ́ sí. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni Kneipp, ṣùgbọ́n ìtọ́jú aláìsàn pẹ̀lú omi àti ewé ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè kọ́ni àti ohun tí kò lè jẹ́rìí sí.

Kneipp àti Ìlànà Rẹ̀

Ọmọ ahunṣọ ni Kneipp. Nígbà tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan kọlù ú, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé ikọ́ ife ni. Ó rí ìwé kan tí oníṣègùn Johann Siegmund Hahn kọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún lórí ìlò omi tútù. Ní 1849, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú odò Danube fún ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀; nígbà tí ó yá, ara rẹ̀ le. Ó di àlùfáà ní 1852, ó sì dé Wörishofen ní 1855 láti máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn sísítà náà. Ní 1886 ni ó tẹ ìwé rẹ̀, Meine Wasserkur, jáde.

Ohun márùn-ún ni ìlànà rẹ̀ dúró lé: omi, ewé, oúnjẹ, ìdárayá àti ìgbé ayé oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí omi tútù bá kan ara, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ a sún kì; bí ara bá tún móoru, wọn a ṣí padà.

Àyẹ̀wò

Ní 1882, Robert Koch kéde kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ ife. Lóde òní, oògùn apakòkòrò tí aláìsàn ń lò fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ó ń wo àrùn náà sàn. Omi tútù kò lè rọ́pò rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Ìwòsàn ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti fi ìdí ìṣègùn múlẹ̀. Ní 2015, Jámánì fi ìlànà Kneipp sínú àkójọ àṣà àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Àṣà ni wọ́n fi bu ọlá fún. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo gbogbo àrùn.

Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé bí Hahn kò bá kọ ìwé, ìmọ̀ rẹ̀ kì bá tí dé ọwọ́ Kneipp. Olùkọ́ tí yóò fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ́ni ní láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó ni ìmọ̀ yìí? Báwo ni wọn ṣe tọ́jú rẹ̀? Báwo ni wọn ṣe dán an wò? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè dáhùn méjì àkọ́kọ́. Ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni yóò dáhùn ẹ̀kẹta.