Ìpè Tó Ń Gé Lábúlé Ìlú Ọba

Ẹni tí kò dé Ìlú Ọba rí lè rò pé kò sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń gbé abúlé àárín òkè ní Wales, Scotland tàbí Cumbria. Òkè ni yóò kọ́kọ́ dínà mọ́ nẹ́tíwọ̀kì, ògiri olókùúta tó nípọn yóò sì gbé ìyókù mì. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn, ìta ló ń sáré lọ, òjò ì báà máa rọ̀.

Ní 2009, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì Vodafone gbé àpótí kékeré kan jáde fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2010, wọ́n sọ ọ́ ní Sure Signal. Wọ́n á so ó mọ́ ráútà, yóò sì máa ṣiṣẹ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì fún ilé kan ṣoṣo. Fóònù á gbé ohùn fún àpótí, àpótí á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e dé ọ̀dọ̀ Vodafone. Ohun tó ń béèrè kò ju mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Àmọ́ abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fa ẹsẹ̀. Wáyà bàbà tẹlifóònù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ń lò, bí ilé bá sì ṣe jìnnà sí ibùdó tẹlifóònù tó ni iyára ń dín kù tó. Àlọ àti àbọ̀ kò tún dọ́gba: ohun tó ń wọlé lè tó mẹ́gábíìtì 2 tàbí 3, kí èyí tó ń jáde má tó ìdajì mẹ́gábíìtì.

Ohùn èèyàn kọ́ ló wúwo. Ìpè kan kì í sábà lò tó kílóbíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà àlọ tóóró yẹn ni gbogbo ilé ń dù. Bí fóònù ọmọ bá ń kó fọ́tò pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò mẹ́gábáìtì 3 kan ṣoṣo lè gba odindi ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀nà kílóbíìtì 400. Ohùn ìyá rẹ̀ á wá há sẹ́yìn rẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá tó há sẹ́yìn tírélà. Ìdí nìyí tí ìyá fi ń gbọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ketekete, tí ẹni yẹn sì ń pariwo "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" ṣáá.

Àtúnṣe wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n sún kíkó fọ́tò pamọ́ sí òru. Ọ̀pọ̀ ráútà sì ní ibi tí a ti lè pàṣẹ pé kí ohùn máa ṣáájú.

3G ni Sure Signal ń lò, Vodafone sì ti pa 3G rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Wi-Fi calling, tí EE, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, gbé dé ní 2015, ló gba ipò àpótí náà: fóònù fúnra rẹ̀ ló ń gba orí Wi-Fi pe èèyàn, láìsí àpótí. Ọ̀nà àlọ kan náà ló ṣì ń gbà, wàhálà kan náà ló sì ń bá a fínra. Bí iná bá lọ, tí ráútà kú, ìpè kú nìyẹn.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí kò fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nẹ́tíwọ̀kì tín-ín-rín tó wà níta ló ń gbà, tó ń fún lágbára, tó sì ń tàn káàkiri inú ilé. Láti 2018 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ti fàyè gba irú rẹ̀ tó bá òfin mu láìgba ìwé àṣẹ.

Kí ẹni tó fẹ́ náwó kọ́kọ́ gbé fóònù jáde síta. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ yìí ni kó rà. Bí kò bá sí rárá, Wi-Fi ló kù, ọ̀nà àlọ sì ni kó tún ṣe. Láti 2020, ilé tí kò bá rí mẹ́gábíìtì 10 wọlé àti 1 jáde ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún íntánẹ́ẹ̀tì tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó iṣẹ́ náà bá ju £3,400 lọ, onílé ni yóò san ìyókù.