Láti Àká dé Àká: Gbígbé Àṣẹ YA Kalẹ̀ lórí Kọ̀ǹpútà VAX, àti Ìṣòro Orúkọ Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà VAX kò ní rí ohun púpọ̀ lójú rẹ̀. Àmì dọ́là kan ṣoṣo, $, ni yóò bá níbẹ̀, tí ó ń dúró de àṣẹ. Àmì yìí kò sọ ibi tí ènìyàn wà, kò sì sọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé ibi tí ó wà, tí ó sì tẹ DELETE *.*;* sí ẹ̀rọ náà, yóò pàdánù gbogbo fáìlì tí ó wà níbẹ̀; VMS kò ní bi í léèrè bí ó bá dá a lójú, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi /CONFIRM kún àṣẹ náà. Fún ẹni tí ó ti fi oṣù mélòó kan ko ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn àgbà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ohun tí ó jẹ pépà yìí lógún ni irinṣẹ́ kékeré kan tí ó lè dín irú àdánù bẹ́ẹ̀ kù: bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ tí a fẹ́ fi rìn kiri bá jẹ́ orúkọ Yorùbá.

Oṣù kẹwàá ọdún 1977 ni ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ti Amẹ́ríkà kéde VAX-11/780. VMS ni ètò olùdarí rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1978. Kọ̀ǹpútà alábọ́ọ́dé ni VAX: ó kéré sí àwọn àgbà ẹ̀rọ tí ń gba odindi yàrá, ó sì tóbi ju ti orí tábìlì lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú ní ìdí tẹ́míná tirẹ̀. Compaq ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1998, ṣùgbọ́n VMS kò kú. OpenVMS ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí, ilé-iṣẹ́ VSI ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti 2014. Àwọn àṣẹ tí a óò mẹ́nu bà kò yí padà títí di òní, ètò aláfarawé bíi SIMH sì lè mú kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa hùwà bí VAX.

2.0 Àká àti àká-inú-àká

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní directory ni pépà yìí ń pè ní àká, nítorí pé ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí ni, a sì lè kọ́ àká kékeré sínú ńlá. Inú àmì akọ́mọ onígun ni VMS ń kọ orúkọ àká sí, àmì ìdánudúró ni ó sì fi ń ya ìpele kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ká sọ pé olùwádìí kan ń kó ọ̀rọ̀ jọ ní agbègbè Ìkòròdú, tí ó sì fẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní àká tirẹ̀. Bí àká Ìjẹ̀dẹ̀ yóò ti rí nìyí:

[ORO.EKO.IKORODU.IJEDE]

Bí ó bá wà nínú àká yìí tí ó fẹ́ wọ inú àká Ẹgbin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, [.EGBIN] ni yóò kọ. Bí ó bá fẹ́ gòkè padà sí Ìkòròdú, [-] ni. Bí ó bá sì fẹ́ kọjá láti Ìjẹ̀dẹ̀ sí Ìmọ̀ta, [-.IMOTA] ni: gòkè lẹ́ẹ̀kan, kí o tó sọ̀kalẹ̀ sí ìdàkejì. Ìpele mẹ́jọ ni dísìkì àtijọ́ gbà mọ. Márùn-ún ni ti Ẹgbin yìí ti lò, nítorí náà ẹni tí ó bá tún fẹ́ dá àká sílẹ̀ fún àdúgbò, fún agbo ilé àti fún abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ti dé òpin nìyẹn.

SET DEFAULT ni àṣẹ tí ń gbé ènìyàn láti àká kan sí òmíràn. Ó gùn ní títẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni àléébù rẹ̀ gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àká tí a dárúkọ wà tàbí kò sí. Bí olùwádìí bá ṣi IJEDE kọ ní IJDE, VMS yóò gbà láìjanpata, $ yóò sì padà wá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ó bá pè fáìlì ni yóò tó gbọ́ pé àká náà kò sí.

3.0 Irinṣẹ́ náà

Ìlà díẹ̀ ni irinṣẹ́ tí yóò wo ibi tí ènìyàn ń lọ kí ó tó gbé e lọ. A lè kọ ọ́ sínú fáìlì YA.COM báyìí:

$ IF P1 .EQS. "" THEN GOTO FIHAN
$ IF F$PARSE(P1) .EQS. "" THEN GOTO KOSI
$ SET DEFAULT 'P1'
$ FIHAN:
$ SHOW DEFAULT
$ EXIT
$ KOSI:
$ WRITE SYS$OUTPUT "KO SI AKA YII"
$ EXIT

P1 ni ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ tẹ̀ lé orúkọ irinṣẹ́ náà. F$PARSE ni ọlọ́dẹ: bí àká náà kò bá sí, òfìfo ni yóò dá padà, irinṣẹ́ yóò sì kọ̀ láti kúrò lójú kan. Bí ó bá wà, yóò ṣí lọ, yóò sì fi ibi tí a dé hàn. Bí ènìyàn kò bá dárúkọ ibìkan, ibi tí ó wà ni yóò sọ fún un.

Kí ló dé tí a kò pè é ní LO, nígbà tí ó jẹ́ pé lílọ ni a ń lọ? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbèrò bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n VMS gbà kí a gé àṣẹ kúrú, LO sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gé LOGOUT, àṣẹ tí a fi ń dágbére fún ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ tí irinṣẹ́ náà kò bá ti gbéra, ẹni tí ó tẹ LO lásán yóò bá ara rẹ̀ lóde pátápátá. Kò sí àṣẹ VMS kankan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y. Yà sì bá iṣẹ́ náà mu, nítorí ẹni tí ń rìn lọ ni í yà sí ilé kan.

Gbígbé e kalẹ̀ kò gba àkókò. Inú àká ilé olùmúlò, èyí tí VMS ń pè ní SYS$LOGIN, ni a óò fi YA.COM sí. Lẹ́yìn náà ni a óò kọ ìlà kan sínú LOGIN.COM, fáìlì tí ẹ̀rọ máa ń kà nígbàkigbà tí ènìyàn bá wọlé:

$ YA :== @SYS$LOGIN:YA.COM

Ibi méjì ni àwọn olùkọ́ṣẹ́ ti sábà máa ń kọsẹ̀ nínú ìlà yìí. Àkọ́kọ́ ni àmì ìdọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan dípò méjì, ìgékúrú náà yóò wà fún ìgbà tí LOGIN.COM fi ń ṣiṣẹ́ nìkan, yóò sì parẹ́ kí $ tó yọjú. Èkejì ni SYS$LOGIN. Ẹni tí ó bá kọ @YA lásán yóò rí i pé ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré: láti ilé ó dé Ìjẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀dẹ̀ ẹ̀rọ yóò wá YA.COM nínú àká tí ó wà, kò sì ní rí i. Bí gbogbo ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ lò ó, alákòóso ẹ̀rọ ni yóò fi ìlà náà sínú SYLOGIN.COM, yóò gbé YA.COM sí ibi tí gbogbo ènìyàn lè dé, yóò sì fún wọn ní àyè láti kà á.

4.0 Orúkọ tí kò ní àmì

Títí dé ibi yìí, iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni níbikíbi. Èdè wa ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Dísìkì VMS àtijọ́ kò mọ ju A dé Z àti nọ́ńbà lọ. Láti ẹ̀dà 4.0 ní 1984 ni ó ti gba àmì bíi _ àti -, tí ó sì fa gígùn orúkọ láti lẹ́tà mẹ́sàn-án sí mọ́kàndínlógójì. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò sí níbẹ̀ rárá. Ìlú kì í sábà bá ìlú jà nínú àká kan náà, nítorí náà IJEDE àti IMOTA lè wà láìní àmì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di OKO.

Ohun tí VMS ń ṣe sí irú èyí ni ó léwu jù. Kì í kọ orúkọ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀dà ni yóò fún un. Bí olùwádìí bá fi àṣẹ CREATE kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ márùn-ún wọ̀nyí, OKO.TXT;1 dé OKO.TXT;5 ni yóò bá nínú àká, láìgbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Ní ojú ẹ̀rọ, ìwé kan ṣoṣo tí a tún kọ lẹ́ẹ̀mẹrin ni. Lọ́jọ́ tí dísìkì bá fẹ́ kún, tí ó sì tẹ PURGE láti palẹ̀ ẹ̀dà àtijọ́ mọ́, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò lọ, ọ̀kọ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Àṣẹ YA kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí, nítorí àká tí ó tọ́ gan-an ni ènìyàn wà.

Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò lo C, Q, V, X àti Z. A lè gbé iṣẹ́ fún wọn: kí Q dúró fún Ọ, X fún Ẹ, C fún Ṣ. Fún ohùn, kí a fi lẹ́tà dò, re, mí sí ìdí ọ̀rọ̀: D, R, M. Oko yóò di OKO_RR, ọkọ yóò di QKQ_RR, ọkọ́ yóò di QKQ_RM, ọkọ̀ yóò di QKQ_RD, ọ̀kọ̀ yóò sì di QKQ_DD. Márààrún ti yàtọ̀ síra wọn, PURGE kò sì lè ṣì wọ́n mú mọ́. Kò dùn ún wò lójú, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ dò-re-mí yóò kà á láìsí wàhálà. Lórí ẹ̀rọ tí ó ṣáájú 1984, a óò yọ _ kúrò. QKQRM yóò gba àyè, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ Ìkòròdú tòun ti ohùn rẹ̀, IKORODUDDDM ti fi lẹ́tà méjì kọjá mẹ́sàn-án.

Dísìkì irú tuntun, ODS-5, tí ó bá OpenVMS 7.2 dé ní 1999, gba lẹ́tà Unicode nínú orúkọ fáìlì. Síbẹ̀, ní ìdí tẹ́míná, bí ^U1ECD ni ọ ṣe ń hàn, bí ^U1EB9 sì ni ẹ. Ẹni tí ó bá ní láti tẹ ọ̀wọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọ ọkọ tán, kí ó tó wá kan àmì ohùn, yóò ṣì padà sọ́dọ̀ Q.