Olódo ní kíláàsì, ọ̀gá nídìí àtẹ

Ọmọdébìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ìrẹsì ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin, kò nílò bírò kó tó mọ̀ pé kóńgò mẹ́ta ní 2,300 náírà jẹ́ 6,900, àti pé 3,100 ni ṣéńjì ẹni tó san 10,000. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò, a ó ní olódo ni. Ìwádìí kò gbè wá lẹ́yìn. Ní 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní Recife, ní Bràsílì. Nídìí àtẹ, wọ́n gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà síwájú wọn láìdárúkọ ọjà kankan, ó já wálẹ̀ sí ìdá 37. Ẹni tó bá ní ọmọ márùn-ún kéré jọjọ kò jayò pa. Àmọ́ ní 2025, Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn akẹgbẹ́ wọn rí irú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ ọjà ní Kolkata àti Delhi. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó mọ ti inú ìwé pàápàá kò mọ ti ọjà.

Pierre Bourdieu àti Jean-Claude Passeron, àwọn onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1970: ilé ìwé a máa béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ ọmọ, bí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ ìwé tí ọmọ ọ̀mọ̀wé ti jogún nílé, yóò sì wá pe ogún náà ní ọpọlọ pípé. Lọ́dọ̀ tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ogún yẹn.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́. Lóòótọ́, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) tí Nàìjíríà ṣe ní 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé nìkan ló mú kúrò, kò mú Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe WAEC, pé fífi Yorùbá kọ́ ọmọ yóò fa á sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti dá wọn lóhùn: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Èyí kò sọ pé kí ọmọ máa kiri ọjà ní àárọ̀. Kíláàsì ni ààyè rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kóńgò àti ṣéńjì, ní Yorùbá, kí ẹ tó gun orí pátákó. Kí a tó pe ọmọ ní olódo, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í ní èdè tó gbọ́.