ABẸ́RẸ́ ÌYÁ ÀGBÀ

Iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé nígbà tí a bá ṣe é tán ni a óò tú u dànù. Iṣẹ́ àwọn tí ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Ẹni tí ó wá rà á lọ́jà kò rí okùn, kò rí kókó tí a ta, kò rí ọjọ́ mẹ́jọ tí ènìyàn fi tẹ orí ba. Aró àti ìlà funfun nìkan ni ojú rẹ̀ rí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi wí pé, “Ìyá, ẹ gba ìdajì.” Ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí ìyá mi ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kí n tó mọ orúkọ ara mi kọ dáadáa, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi wo inú rẹ̀ díẹ̀.

Oríṣi àdìrẹ mẹ́ta ni àwọn àgbà mọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí ara aṣọ, tàbí tí wọ́n fi páànù tí a gé ní ọnà tẹ̀ ẹ́ sí i. Àdìrẹ oníko ni èyí tí wọ́n ń di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso igi mọ́ inú aṣọ, bí òṣùbàm̀bà tí ó rí roboto bí òṣùpá. Ẹ̀kẹta ni alábẹ́rẹ́. Ìyá àgbà kò fi ọwọ́ kan ẹlẹ́kọ rí láyé rẹ̀. Bí a bá bi í léèrè, a ní, “Ẹ̀kọ? Jíjẹ ni a ń jẹ ẹ́.”

Kò sí ọmọ tí a ń kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́. Iko ni a ó kọ́kọ́ jù sí ọ. Lára màrìwò ọ̀gọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń bó o. Ọmọ ni yóò ya á wẹ́wẹ́, tí yóò fi omi tọ́ ọ kí ó má baà já. Lẹ́yìn èyí ni a ó ní kí o máa ki okùn bọ ihò abẹ́rẹ́ fún àgbà. Èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ ọmọdé ni títú. Bí aṣọ bá ti inú aró dé tí ó sì gbẹ, ó ti le gbagidi bí igi, gbogbo okùn inú rẹ̀ ni a ó sì fi abẹ gé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, aṣọ oníbàárà ti lu. Ìyá àgbà kọ́ wa pé kí a fi ọwọ́ òsì fa okùn kúrò lára aṣọ, kí a kọ ojú abẹ sókè, kí a má sì sọ̀rọ̀. Èmi ò tíì rí yàrá ìkàwé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní ọjọ́ títú.

Àjákù aṣọ tí a ń tọrọ lọ́wọ́ télọ̀ ni a fi ń kọ́ rírán. Ìlà títọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà èyí tí ó wọ́, lẹ́yìn náà kí a ṣẹ́ aṣọ po ní méjì kí a sì rán etí rẹ̀, kí ìlà kan lè di méjì nígbà tí a bá tẹ́ ẹ. Tí a bá rán an dé òpin, a ó fa okùn náà títí aṣọ yóò fi hun jọ ṣíṣùṣù, a ó sì ta á ní kókó. Ibi tí ó bá hun dáadáa ni aró kò ní dé.

Ìyá àgbà kì í sọ àjákù wọ̀nyí nù. A tẹ̀lé aṣọ oníbàárà wọ inú aró, tí a bá sì tú wọn, a kó wọn sínú àpò kan. Nígbà ọyẹ́, a ó da àpò náà sí ilẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora. Ògbólógbòó ìró kan ni a ń tẹ́ sí àárín, òmíràn sí abẹ́, a ó sì máa rán an já láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ti inú má baà kó jọ sí apá kan. Kò sí ohun àjèjì nínú rírán nǹkan pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ìró àdìrẹ fúnra rẹ̀, aṣọ méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá méjì àbọ̀, tí a rán etí wọn pọ̀. Aṣọ òfì ńkọ́? Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni télọ̀ ń tò mọ́ ara wọn. Ẹ wo ara egúngún pẹ̀lú, ẹ ó rí àjákù onígun mẹ́ta tí a tò sí etí aṣọ bí eyín ayùn, ìgbàlà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ gùn nínú ìwé ìròyìn.

Bàbá mi kò fẹ́ràn ohun tí mo ń ṣe. Ó wá ní ọjọ́ kan ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọmọkùnrin mi di obìnrin.” Ìyá àgbà kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Bàbá Àkànní, ta ni ó rán agbádá tí ẹ wọ̀ sọ́rùn yẹn?” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. A kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Iṣẹ́ yìí ti rí èrè rí, ó sì ti rí ìjà. Nígbà tí aṣọ funfun láti Manchester pọ̀ ní ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gà wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn aláró ti ń lo sódà àti aró òyìnbó dípò èlú àti eérú nítorí ó yá. Àwọn kan ní ó ń ba aṣọ jẹ́. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè é, àwọn obìnrin aláró kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le títí ìjọba fi ṣe ìwádìí lé e lórí ní ọdún 1936. Ìyá tí ó bí Ìyá àgbà wà lára àwọn tí ń pa aró nígbà náà. Ìtàn ìjà yìí ni a fi ń pa àlọ́ fún wa.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú Ìyá àgbà. Ó ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin oníṣòwò kan láti Ìbàdàn fún ìró mẹ́fà, nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rán mẹ́ta, ojú sì kọ̀. Kò lè dá owó padà, ó ti bá owó ilé-ìwé àbúrò ìyá mi lọ. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Ọkọ mi, wá fi ojú rẹ yá mi.”

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Èmi ni mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà. Òun fi èékánná tẹ ìṣẹ́po náà títí ó fi mú, nítorí bí aṣọ bá ti ṣẹ́ po, ìka lè rí ohun tí ojú kò rí. Èmi a rán ìlà àkọ́kọ́, òun a fi àtàńpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rán èkejì, ìwọ̀n ìka kan sí ara wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ṣe é, láti ìgbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé títí epo fìtílà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. A gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ aláró ní Kẹ̀mta. Ẹni tí kò bá rí i rí kò ní gbàgbọ́: aṣọ a jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ bí ewé, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni.

Obìnrin náà dé. Ó tẹ́ àwọn aṣọ náà, ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. Ó ní, “Ìyá, ọwọ́ méjì ni ó wà nínú aṣọ yìí.” Àyà mi ń lù kìkì. Ìyá àgbà dáhùn pé, “Ọwọ́ méjì ni. Ọ̀kan ń ríran, ọ̀kan kò ríran. Mẹ́fà ni o ní kí n rán, mẹ́fà ni ó wà nílẹ̀.” Obìnrin náà dákẹ́. Ó san owó pé, kò yọ kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ya mẹ́ta tèmi sọ́tọ̀ ní ìṣojú mi, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ni yóò ró ìyẹn. Ó dùn mí wọ eegun. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ka ìdá mẹ́ta owó iṣẹ́ náà sí ọwọ́ mi. Bàtà ni mo fi rà.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan. Níkẹ̀ Òkúndáyé, tí a bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí nípa àdìrẹ, ọwọ́ ìyá-ńlá tí ó tọ́ ọ ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983 kí ẹni tí kò ní ìyá-ńlá lè rí ibi kọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti wọ inú alábẹ́rẹ́ tipẹ́, àwọn ọkùnrin ni ó sì kọ́kọ́ gbé e wọ ibẹ̀. Ó yá lóòótọ́, ìlà rẹ̀ sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí yóò tú u léèrè bí ara ti ń ta á. Ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ní ọ̀sán Ẹtì. Àjákù télọ̀ náà ni a ń lò. Àwọn ọkùnrin ni ó ń yára mọ̀ ọ́n jù, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Nísinsìnyí tí ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti kún Ìtokú, ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí aṣọ náà sí ẹ̀yìn. Tí ẹ̀yìn bá ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun ju iwájú lọ, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ti alábẹ́rẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo etí ìlà funfun náà. Tí a kò bá tíì fọ̀ ọ́, ẹ ó rí ihò abẹ́rẹ́ wínníwínní tí ó tò lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ibi tí èèrà gbà kọjá.